Ta Ló Ń Jẹ Dátà Alájì?

Ká ní ẹ rí Misbaudeen láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mò ń wí yìí, bó ṣe gbé báàgì lápútọ́ọ̀pù kọ́ èjìká, tó ń yan bọ̀ láti Bẹyẹrúnká, ẹ ó rò pé gómìnà ló ránṣẹ́ pè é. Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ti fín lọ́fínńdà sọ́rùn. Ẹni tó bá kí i lọ́nà, ọwọ́ kan ló fi ń dá onítọ̀hún lóhùn, àfi bíi pé iṣẹ́ gbogbo ìlú wà lọ́rùn ẹ̀. Ṣé ẹ mọ àwọn ọmọkùnrin yìí, tí wọ́n bá ti mọ ohun kan tí bàbá wọn ò mọ̀, ojú wọn ò ní rí ilẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa so kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ mọ́ra wọn, kó máa fa wáyà, kó sì máa tún íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá dákú ṣe. Ó mọ̀ ọ́n ṣe o, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Alájì Sàláúdéènì, onílé ìtẹ̀wé tó wà lójú ọ̀nà Màpó sí Bẹẹrẹ, ló pè é. Alájì kì í ṣe oníbàárà lásán fún un. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá Misbaudeen kú, Alájì ló dúró gẹ́gẹ́ bíi baba fún un, òun ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ wé láwàní sí i lórí lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀. Bàbá ni Misbaudeen ń pè é, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

"Misbau," Alájì wí nígbà tí wọ́n kíra tán, "dátà ni mò ń rà fún odidi oṣù, oṣù ò ní tíì dé ìdajì, á ti gbẹ. Iṣẹ́ táwọn oníbàárà bá fi ránṣẹ́ ò ní lè wọlé mọ́, wọ́n á máa pè mí pé ṣé mo ti ti ilé iṣẹ́ pa ni. Ẹnìkan ń jẹ ẹ́ nínú ilé yìí. Mo fẹ́ mọ ẹni náà, nítorí mi ò fẹ́ máa fi ojú burúkú wo gbogbo wọn."

Inú Misbaudeen dùn dé ọrùn. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn ò le rárá. Ètò kan wà tí wọ́n fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Tí mo bá fi sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ńṣe ló dà bíi pé mo fi ọmọ ọ̀dọ̀ kan sínú ẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn bá gbà wọlé, ohun tó bá fi jáde, ọmọ ọ̀dọ̀ náà á máa jábọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá ẹ̀. Ọ̀gá á wà lójú kan, á kó gbogbo àbọ̀ náà jọ, àwa náà á sì máa wò ó."

"Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í jẹun," Alájì rẹ́rìn-ín. "Bá mi fi wọ́n sí i kíá."

Ilé Alájì yìí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, alámọ̀, tí ògiri rẹ̀ nípọn débi pé tí ẹ bá ń pariwo ní yàrá kan, ẹni tó wà ní yàrá kejì á máa sùn lọ ní tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Karimat ló ni ti ẹnu ọ̀nà, òun ló ń gba àlejò. Ishaq ló ń lo èyí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ̀kẹta wà ní kọ̀rọ̀ ìdí àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni Ìníolúwa ti ń ya èèpo ẹ̀yìn ìwé, kàléńdà àti káàdì ìgbéyàwó. Ẹ̀kẹrin wà lókè nínú yàrá Alájì fúnra rẹ̀.

Ìníolúwa yìí, ọmọbìnrin Bàbá Olúsànyà ni, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Yemẹtu, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Bàbá náà ju Alájì lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà tán, bàbá rẹ̀ ló mú un wá fúnra ẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì fi lé Alájì lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi nìyí. Mo fà á lé yín lọ́wọ́." Alájì náà dáhùn pé ó ti di ọmọ òun. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láàárín ara wọn nìyẹn, kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. Láti ìgbà náà, ọmọ náà ti mú iṣẹ́ lọ́kùn-ún-kúndùn, àwọn oníbàárà ò sì béèrè ẹlòmíràn mọ́.

Misbaudeen fi ọ̀gá ètò náà sórí kọ̀ǹpútà Karimat, torí pé wọn kì í pa ìyẹn. Ó ṣí àyè sílẹ̀ fún un nínú ààbò kọ̀ǹpútà náà kí àbọ̀ lè máa ráyè wọlé. Ó kọjá sọ́dọ̀ Ishaq. Ishaq yìí, bàbá ọlọ́mọ ni o, àmọ́ apanilẹ́rìn-ín ni. Ó ń yọjú lórí èjìká Misbaudeen.

"Ọ̀gá, ṣé ó máa fi hàn pé mò ń wo bọ́ọ̀lù?"

"Á fi hàn."

"Ṣé á sọ fún Alájì pé ẹgbẹ́ tí mò ń tì lẹ́yìn kì í borí?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Karimat ní kò sẹ́ni tí ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ishaq lolè dátà, pé owó lásán ni Alájì fẹ́ fi ṣòfò lórí oníkọ̀ǹpútà.

Nígbà tó kan Ìníolúwa, ọmọ náà dìde, ó fi ọwọ́ nu ìjókòó, ó lọ gbé omi tútù wá fún un. Misbaudeen fi ètò náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ àdírẹ́sì ọ̀gá sí i kó lè mọ ẹni tó máa jábọ̀ fún. Ó tẹ nọ́ńbà kan ṣì, iná pupa ló tàn. Ó tún un tẹ̀, iná náà di àwọ̀ ewé. Ó wá kọ orúkọ ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀.

"Ó parí," ó wí. "O ti wà lójú ìran."

"Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́, Bọ̀dá Misbau?" Ìníolúwa fẹyín, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ti òkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti yàrá òkè yìí fún yín dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ni Alájì lọ Mẹ́kà rí, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé. Wọ́n ti jọ ṣe ìpinnu pé àwọn á tún padà lọ. Ìyàwó kú, orúnkún Alájì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, àtisọ̀kalẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ gan-an di ìnira. Abdulmumin ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí i, tó sì kọ́ ọ bó ṣe máa ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi Kábà hàn tààrà láti Mẹ́kà. Háà, ayọ̀ dé! Láti ọjọ́ náà, bí Karimat bá ti ṣí ilé iṣẹ́ láàárọ̀, tó tan àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, Mẹ́kà ti dé nìyẹn. Ohùn ẹni tó ń ké Kùránì á máa gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ wá bá àwọn òṣìṣẹ́ nísàlẹ̀ títí wọ́n á fi ti ilé iṣẹ́ lálẹ́. Bí Alájì bá jẹun, Mẹ́kà ń lọ. Bó bá sọ̀kalẹ̀ wá kí oníbàárà, Mẹ́kà ń lọ. Lójú tiẹ̀, bíi rédíò ni, ìgbà wo ni rédíò ń jẹ dátà?

Misbaudeen bá a níbẹ̀, ó jókòó, ó ń wo àwọn èèyàn tí wọ́n ń yí Kábà ká. Ojú Alájì ti rin.

"Jókòó, Misbau. Mú dàbínù jẹ. Wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó."

Misbaudeen jókòó, ó jẹ dàbínù. Fíláàṣì tí ètò náà wà nínú ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ sọ fún mi, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ṣé kó ní, "Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn, mo fẹ́ fi ọmọ ọ̀dọ̀ ṣọ́ ohun tí ẹ̀ ń wò"? Baba tó wé láwàní fún un! Ẹni tí wọ́n ò gbọdọ̀ bi níbi tó ń lọ, ṣé òun ni wọ́n á máa ka ohun tó wò àti ìgbà tó wò ó? Ojú tì í. Ó rọra ti fíláàṣì bọ àpò. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ohun tí òun wá wá wà níwájú òun, tó ń tàn yanranyanran.

Ó ti dé orí àtẹ̀gùn nígbà tí Alájì pè é.

"Misbau, ṣé o ti fi sórí gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn pátá, Bàbá."

Ẹ gbọ́ irọ́! Ó pè é ní ọ̀wọ̀ nínú ọkàn ara ẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, nígbà tí wọ́n kírun tán, ó padà wá wo àbọ̀. Alájì ti sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí àga gbọọrọ tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, àwọn oníbàárà kan náà sì wà níbẹ̀. Misbaudeen ṣí kọ̀ǹpútà Karimat. Ti Karimat ò tó nǹkan. Ti Ishaq náà ò tó nǹkan, Ishaq sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó pé kí gbogbo àwọn tó ti ń bú òun wá tọrọ àforíjì. Ó kan ti Ìníolúwa. Ìlà tiẹ̀ gòkè, ó gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà.

Nísinsìnyí, ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ gidi ṣe ni kó dákẹ́, kó lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọmọ náà, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó bi í ní ìbéèrè. Misbaudeen mọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Àmọ́ àwọn èèyàn ń wò ó, Alájì ń wò ó, ìyá àgbàlagbà kan nínú àwọn oníbàárà sì ti ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní ọgbọ́n. Orí ẹ̀ wú. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí gbogbo wọn.

"Ẹni tó ń jẹ ẹ́ rèé," ó wí.

Gbogbo ojú yí sí kọ̀rọ̀ ìdí àtẹ̀gùn. Ìníolúwa dìde. "Bọ̀dá Misbau, ẹ jẹ́ kí n..."

"Má ṣèyọnu," Misbaudeen já a lẹ́nu, ohùn rẹ̀ sì dùn mọ́ ọn létí ara ẹ̀. "Kọ̀ǹpútà kì í ṣojúsàájú. Láti àárọ̀ dé alẹ́ ni, kódà nígbà tí o bá lọ jẹun, ó ń lọ. Fíìmù lò ń wà jáde àbí kí ni?"

Ẹnì kan nínú àwọn oníbàárà pòṣé. Karimat wo ilẹ̀. Alájì ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó kàn ní, "Ìníolúwa, bàbá rẹ fà ọ́ lé mi lọ́wọ́. Lọ pè é wá fún mi lọ́la."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Misbaudeen náà débẹ̀. Ta ló pè é? Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ní òun fẹ́ wá wo bóyá iná gbogbo wọn ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wá wò.

Bàbá Olúsànyà wọlé, ó wọ kóòtù rẹ̀ àtijọ́, èyí tó fi ń lọ sí ìpàdé àwọn òbí nígbà tó ṣì ń kọ́ni. Ìníolúwa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti wú. Kí Alájì tó sọ pé ẹ káàbọ̀, bàbá náà ti ṣí fìlà, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí yíǹkì ti ta sí.

"Alájì, ẹ bá mi dárí jì í. Ọmọdé ló ń ṣe é. Èmi ni mi ò kọ́ ọ tó."

"Yé! Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má ṣe é!" Alájì gbàgbé orúnkún, ó sáré dìde, ó ń fà á. "Ẹ dìde! Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ! Ẹ fẹ́ kí ayé máa fi mí bú ni?"

"Ilé wa ò jalè rí," bàbá náà ń wí, kò tíì fẹ́ dìde. "Ẹ má jẹ́ kó ti orí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo wọn bá Alájì fà á dìde. Yíǹkì ti ba iwájú kóòtù rẹ̀ jẹ́. Alájì jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní òun ti dárí jì í, ọ̀rọ̀ ti parí, kò ní jáde síta. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí Ìníolúwa lọ sinmi nílé ná, àwọn á máa pè é. Kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tí "lọ sinmi nílé ná" túmọ̀ sí. Ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti bọ́, orúkọ sì ti bà jẹ́, torí pé àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ lánàá ti gbé e dé Ọjà'ba àti Oríta-mẹ́rin.

Ọmọ náà lọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀ àti ife tó fi ń mu tíì sínú báàgì. Ó tọ́jú iṣẹ́ tó kù sílẹ̀ fún Ishaq. Ó wá pa kọ̀ǹpútà náà.

Lókè, ohùn ẹni tó ń ké Kùránì gé sáàárín ẹsẹ kan.

Alájì gbójú sókè. "Iná ti lọ ni?"

Iná ò lọ. Fáànù ń yí lórí gbogbo wọn.

Misbaudeen wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ojú rẹ̀ lọ sára ògiri ìdí àtẹ̀gùn, ó sì rí ìlà tín-ín-rín kan tó wú lábẹ́ ọ̀dà, tó ti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà Ìníolúwa jáde, tó ń gun ògiri lọ sókè. Ta ló fa wáyà yẹn? Òun náà ni o! Nígbà tí kọ̀ǹpútà Alájì kọ́kọ́ dé, tí íńtánẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ò lè la ògiri alámọ̀ yẹn kọjá, òun ló fa wáyà láti ara ti Ìníolúwa, tó ṣètò kí ti òkè máa gba inú tìsàlẹ̀ kọjá. Ó ní kí àwọn fi ìyẹn ṣe é ná, òun á padà wá fa èyí tó dáa. Kò padà wá. Àwọn ọlọ́dà kun ògiri nígbà Iléyá, wọ́n kun wáyà mọ́ ọn, òun náà sì gbàgbé. Gbogbo ohun tí Mẹ́kà ń jẹ, inú kọ̀ǹpútà Ìníolúwa ló ń gbà kọjá. Ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀hún kọ gbogbo rẹ̀ sí orúkọ ọmọbìnrin náà. Ká ní ó ti fi ọmọ ọ̀dọ̀ kejì sí ti òkè bó ṣe parọ́ pé òun ṣe ni, ojú ẹsẹ̀ ni ì bá ti rí i.

Bàbá Olúsànyà ti ń dágbére. Ó ń kí Karimat, ó ń kí Ishaq. Ó wá yíjú sí Misbaudeen, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Ṣé ẹ gbọ́? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnu tó ń já ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu lánàá dà? Misbaudeen mi orí, bàbá àti ọmọ sì jáde, wọ́n sọ̀ lọ sọ́nà Bẹẹrẹ, ọmọ náà ló gbé báàgì, bàbá fi fìlà bo ibi tí yíǹkì wà láyà.

"Misbau," Alájì wí, "bá mi wo Mẹ́kà mi, ó ti kú."

Ó gòkè. Àwọn èèyàn tó ń yí Kábà ká dúró sójú kan, ẹlòmíràn ti gbé ẹsẹ̀, kò rí i gbé sílẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà Ìníolúwa. Ó dúró díẹ̀.

"Ó ti dé!" Alájì ké láti òkè, torí ó ti rọra gun òkè lọ.

Misbaudeen fẹ́ rí i dájú, bíi pé kò tíì dá a lójú. Ó yọ wáyà náà.

"Ó tún ti lọ!"

Ó fi í padà. "Ó ti dé! Allahu Akbar! Ọmọ yìí, o mọ iṣẹ́!"

Ó jókòó sórí àga Ìníolúwa. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ ọn, ohun tó kọ́kọ́ rò kọ́ ni pé kó jẹ́wọ́. Ó rò ó pé òun lè fa wáyà tuntun láti ìdí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ sókè lọ́jọ́ náà, kí òun fa ti àtijọ́ já, kí òun sọ ọ́ nù. Ta ló máa mọ̀? Alájì ò mọ̀. Ishaq ò mọ̀. Orúkọ òun á máa dán lọ, Alájì ò ní mọ̀ pé òun parọ́ fún un. Ọmọ náà á sì rí iṣẹ́ síbòmíràn, ó mọṣẹ́ ẹ̀. Ó tiẹ̀ ti ń wo ògiri pé níbo ni òun máa gbé wáyà náà gbà. Ojú wá ń tì í bó ṣe ń rò ó, síbẹ̀ kò yéé rò ó.

Ó gòkè lọ kí Alájì pé òun ń lọ. Alájì gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Kí Ọlọ́run ṣe ọ́ ní àǹfààní fún wa," ó ń ṣe àdúà. "Ó dùn mí nítorí ọmọ yẹn, àmọ́ o ò ṣojúsàájú. Bàbá rẹ ì bá yọ̀ sí ọ lónìí."

Ìyẹn ni kò lè gbà mọ́ra. Ó bọ́ sórí ìkúnlẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n bíi ọmọdé. "Bàbá, ẹ má ṣàdúà fún mi. Mẹ́kà ni. Mẹ́kà ló ń jẹ dátà yín."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti wáyà, ó sọ ti fíláàṣì tó wà lápò rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó sọ ti irọ́ tó pa lórí àtẹ̀gùn. Alájì gbọ́ ọ tán. Ó na ọwọ́, ó pa kọ̀ǹpútà náà dé fúnra rẹ̀. Yàrá náà wá dákẹ́.

"Èmi gan-an ni olè náà nìyẹn," ó wí.

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo bi ọ́. O ní gbogbo wọn pátá."

"Ojú yín ni mò ń wò, Bàbá. Mi ò lè fi ẹ̀ṣọ́ tì yín."

"Ojú mi lò ń wò," Alájì tún un wí, "lo wá wọ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀. Mò ń wo ilé Ọlọ́run níbí, wọ́n ń pe ọmọ tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ní olè nísàlẹ̀. Ẹni tó jù mí lọ sì wá fi àyà nu yíǹkì nílẹ̀ ilé mi." Ó dìde. "Bá mi gbé ọ̀pá mi."

Wọn ò dúró de mọ́tò ilé. Wọ́n wọ takisí Máíkírà ní Bẹẹrẹ, Alájì níwájú, Misbaudeen lẹ́yìn láàárín àwọn ìyá kan tó gbé ẹrù lé ẹsẹ̀, wọ́n sì kọrí sí Yemẹtu. Ìtìjú ń hó lágbárí Misbaudeen bí omi gbígbóná.

Bàbá Olúsànyà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti bọ́ kóòtù, ó ń fi ọṣẹ àti àkísà bó ibi tí yíǹkì wà. Ìníolúwa jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Nígbà tí bàbá náà rí Alájì, ẹ̀rù bà á, ó rò pé wọ́n tún rí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Alájì ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúnkún burúkú yẹn, díẹ̀díẹ̀, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, títí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

"Alájì! Orúnkún yín! Kí ló dé?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárọ̀ yìí lórí ohun tí èmi fúnra mi ń ṣe. Ọmọ yìí ò jẹ nǹkan kan."

Àgbà méjì ti dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí Misbaudeen, òun tó dá a sílẹ̀ ṣì dúró sí ẹnu ọ̀nà nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ó wó lulẹ̀ lẹ́yìn Alájì. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò dá nǹkan kan sí. Ó ní, "Èmi ni mo fa wáyà. Èmi ni mo gbàgbé. Èmi ni mo parọ́ fún Bàbá. Òun ò ṣe nǹkan kan rárá."

Bàbá Olúsànyà wá àga, ó jókòó. Àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ọṣẹ ń kán sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìníolúwa, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé o ò ṣe é?"

"Ẹ ò bi mí, sà."

Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Ó gbé àwo ìrẹsì kúrò lórí ẹsẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Mo délé lánàá, ẹ ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé ẹ máa bá mi bẹ̀bẹ̀. Bàbá Alájì ní kí n lọ pè yín wá. Bọ̀dá Misbau ti bi kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Bàbá rẹ̀ wo àkísà ọwọ́ ara rẹ̀. Tíṣà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bi àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè!

Ìníolúwa dìde, ó lọ mú Alájì lápá, ó gbé e jókòó sórí àga, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀. Ó bu omi wá fún un. Alájì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá ní ọjọ́ Ajé, pé òun fúnra òun á sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn oníbàárà, òun á sì ní kí àwọn oníbàárà náà sọ ọ́ dé ibi tí wọ́n gbé e dé.

"Màá rò ó, Bàbá," ó wí.

Ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó gbé ìrẹsì. Misbaudeen ṣì wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde, òun náà ò sì mọ bí òun ṣe máa dìde. Ó ń gbọ́ bí òkúta kéékèèké ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nítòsí etí rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó mọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì jọ ọ́ lójú bí ọ̀rọ̀ àná. Ó wá rí i pé òun náà ò tíì bi ọmọ yìí ní nǹkan kan rí.

"Ìníolúwa," ó pè é láti ilẹ̀. "Ṣé inú ń bí ẹ sí mi?"

Ọmọbìnrin náà dá ọwọ́ dúró. Ó wò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá," ó wí. "Inú ń bí mi gan-an." Ó sì ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ.